Àwọn Tó Ń Sáré Tọ Jàǹbá Lọ: Ìrántí Iṣẹ́ Ìdóòlà Pàjáwìrì ní Savalou àti Bantè

Iṣẹ́ ìdóòlà pàjáwìrì ni iṣẹ́ àwọn tó ń lọ bá ẹni tí àìsàn kì mọ́lẹ̀ tàbí ẹni tó fara pa níbi tó wà, tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé e dé ọwọ́ dókítà kí ọ̀ràn tó di ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ní ìlú ńlá, ẹnì kan lè fi 30 ọdún ṣe iṣẹ́ yìí nìkan. Ní Savalou àti Bantè, ní ẹkùn Collines ní orílẹ̀-èdè Benin, ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló pín sí: awakọ̀ áńbúláǹsì, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru, agbẹ̀bí ibùdó ìlera abúlé, panápaná, àti ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan, tó sábà máa ń jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó bá ẹni tó ṣubú pàdé. Ó ṣọ̀wọ́n kí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn jáde nínú ìwé ìròyìn lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì tàbí lọ́jọ́ tó papò dà. Inú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ìdí rẹ̀ wà. Ẹni tí wọ́n gbà là kì í sábà mọ ojú ẹni tó gbà á, nítorí pé ní wákàtí náà kò mọ ibi tí òun gan-an wà.

Bí ènìyàn bá ti Cotonou ń bọ̀, Dassa-Zoumè ni ọ̀nà ti ń yà. Ẹ̀ka kan forí lé Savè àti Parakou. Ẹ̀ka kejì, tí ìjọba ń pè ní RNIE 3, ń gba Savalou, Bantè àti Bassila kọjá sí Djougou. Láti Savalou dé Bantè tó nǹkan bí 60 kìlómítà títì ọlọ́dà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn ará abúlé kò gbé etí títì. Àwọn Mahi ló pọ̀ ní ìlú Savalou, àwọn Ifẹ̀ wà ní ìhà Tchetti lẹ́bàá ààlà Togo, àwọn Ìcà, tí èdè wọn jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá, ló sì ni Bantè. Ìkànìyàn ọdún 2013 ka 144,549 ènìyàn ní Savalou àti 107,181 ní Bantè. Ìlú méjèèjì papọ̀ jẹ́ agbègbè ìlera kan ṣoṣo nínú 34 tí Benin ní, ilé-ìwòsàn ńlá agbègbè náà sì wà ní Savalou. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹni tí ọ̀ràn ká mọ́ ní Pira, lókè Bantè, gbọ́dọ̀ kọjá gbogbo Bantè kó tó rí tábìlì iṣẹ́-abẹ. Ẹni tó wà ní Agoua tàbí Akpassi yóò kọ́kọ́ la ọ̀nà erùpẹ̀ já kó tó rí títì rárá.

Títì Savalou sí Bantè yìí kì í ṣe ọ̀nà tó dákẹ́. Láti oṣù Kejì dé oṣù Karùn-ún ni wọ́n ń ṣa kajú, ọkọ̀ akẹ́rù á sì máa ru àpò gíga gòkè sọ̀ kalẹ̀. Gàrí Savalou ń lọ sí Cotonou, iṣu ń bọ̀ láti oko. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ ọdún iṣu ní Savalou, àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi á wálé, alùpùpù á sì kún títì bí eṣú. Bí ọjà ṣe ń pọ̀ sí i lójú ọ̀nà náà ni iṣẹ́ àwọn tó ń gbé áńbúláǹsì ń pọ̀ sí i.

Síbẹ̀, ọ̀ràn tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni kì í fi gbogbo ìgbà ti ojú títì wá. Inú yàrá ìbímọ ni òmíràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá ti jáde tí ibi sì ti bọ́, ilé-ọmọ gbọ́dọ̀ sún kì kó le bí bọ́ọ̀lù, kí ó lè fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ya pa. Bí ó bá rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa ya bí omi ẹ̀rọ, obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀ nísinsìnyí sì lè kú láàárín wákàtí méjì. Agbẹ̀bí abúlé kò ní ju olùrànlọ́wọ́ kan lọ lóru. Ó á gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé-ọmọ sún kì, á fi àtẹ́lẹwọ́ máa ra ikùn rẹ̀ yípo láìdúró, á wá iṣan lápá rẹ̀ láti fa omi sí i, á sì ní kí olùrànlọ́wọ́ pe áńbúláǹsì.

Nígbà tí ọkọ̀ bá dé, wọ́n á gbé abiyamọ náà sínú rẹ̀, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ga ju orí lọ, wọ́n á fi aṣọ bò ó nítorí pé òtútù máa ń mú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni agbẹ̀bí máa wà títí wọ́n á fi dé, torí ẹni tó jókòó sórí àga kò lè tẹ ikùn náà mọ́lẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ kan wà lórí ikùn, ọwọ́ kejì di irin ọkọ̀ mú. Ọ̀rá omi ń mì lórí ìkọ́. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ sáré àsápajúdé, torí pé kòtò kan ṣoṣo lè fa abẹ́rẹ́ yọ kúrò nínú iṣan; kò sì gbọdọ̀ rọra jù, torí ẹ̀jẹ̀ kò dúró. Ìwọ̀n eré tó wà láàárín méjèèjì yìí ni àgbà awakọ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́. Ó mọ ibi tí títì ti jẹrà, ó mọ afárá tí omi máa ń bò nígbà òjò, ó mọ ibi tí màlúù máa ń sùn sí lójú títì lóru. Ìmọ̀ yìí kò sí nínú ìwé kankan, ọjọ́ tó bá sì fẹ̀yìn tì ni yóò bá a relé, àfi bí ó bá ti kọ́ ọ̀dọ́ tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ní 1994, àwọn olùwádìí méjì, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, ṣàlàyé pé ìdádúró mẹ́ta ló ń pa abiyamọ: ìdádúró láti pinnu pé kí wọ́n lọ sí ilé-ìwòsàn, ìdádúró lójú ọ̀nà, àti ìdádúró láti rí ìtọ́jú gbà nígbà tí wọ́n bá débẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé abúlé mọ ti àkọ́kọ́ dáadáa. Wọ́n ń dúró de baálé tó wà lóko, wọ́n ń wá ẹni tó máa yá wọn lówó, wọ́n ń sọ pé kí ilẹ̀ mọ́ ná. Ìbẹ̀rù owó ló wà nídìí púpọ̀ nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìpinnu ìjọba Benin ní 2009 fi ṣe pàtàkì: láti oṣù Kẹrin ọdún náà, iṣẹ́-abẹ ìbímọ di ọ̀fẹ́ fún abiyamọ, ìjọba sì gbà láti san 100,000 fáráǹkì CFA fún ilé-ìwòsàn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó iṣẹ́-abẹ kúrò lọ́rùn ẹbí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́-abẹ ọ̀fẹ́ kò wúlò fún ẹni tí kò dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, ìdádúró kejì sì wà lọ́wọ́ awakọ̀ àti agbẹ̀bí tó kúnlẹ̀ yẹn.

Ti ojú títì yàtọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 1.19 mílíọ̀nù ènìyàn ni jàǹbá ọkọ̀ ń pa lágbàáyé lọ́dọọdún, Áfíríkà sì ni ikú náà ti pọ̀ jù ní ìfiwéra iye ènìyàn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, bọ́ọ̀sì akérò kan àti ọkọ̀ akẹ́rù kan forí gbárí ní Dassa-Zoumè, iná sì sọ. Ó lé ní 20 ènìyàn tó kú. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹkùn Collines ń rántí pé àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti sáré lọ síbi tí gbogbo ayé ti ń sá kúrò.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó mọ iṣẹ́ ń ṣe níbi jàǹbá lè ya ènìyàn lẹ́nu, torí pé ó máa ń dúró ná. Ó á wò ó bóyá epo ń jò, bóyá iná lè sọ, bóyá ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ látẹ̀yìn. Ó á ní kí àwọn ọ̀dọ́ ya ẹ̀ka igi tútù sójú títì lókè àti nísàlẹ̀ kí àwọn awakọ̀ tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀dọ̀ ẹni tó dákẹ́ ló máa kọ́kọ́ lọ. Èyí le fún àwọn ará ìlú láti gbà, torí pé ẹni tó ń ké ni àánú ń ṣe wọ́n sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ké ń mí. Ẹni tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ ni ahọ́n rẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ lè ti dí ọ̀nà ọ̀fun. Ọwọ́ méjì lábẹ́ àgbọ̀n, kí wọ́n rọra gbé e sókè láìyí ọrùn, lè dá èémí padà. Lẹ́yìn èémí ni ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á ká aṣọ mímọ́ lé ojú ọgbẹ́, wọ́n á fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, wọn kò sì ní máa ṣí i wò. Egungun tó ṣẹ́ lè dúró díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò lè dúró.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù, tó sì ń dunni jù, ni ti àwọn tí inú rere ń tì. Wọ́n á fa ẹni tó fara pa ní apá àti ẹsẹ̀, wọ́n á gbé e jókòó sáàárín ẹni méjì lórí alùpùpù, orí rẹ̀ á máa mì síwá sẹ́yìn. Bí egungun ọrùn bá ti sán, irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lè sọ ẹni tí ì bá rìn di ẹni tí kò ní lè gbé ẹsẹ̀ mọ́ láyé. Òmíràn tún ni ti àwọn tó ń ti ilé-ìwòsàn gbé ẹbí wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun. Ọgbọ́n wà lọ́wọ́ àwọn àgbà kan nínú iṣẹ́ títò egungun, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ọ̀pá àti okùn di ẹsẹ̀ tó wú pinpin, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ọmọ ìka mọ́, ẹsẹ̀ tó yẹ kó jinná á sì di èyí tí wọ́n máa gé.

Inú oko ni ọ̀ràn kẹta ti ń wá. Ejò ń bu àgbẹ̀ jẹ nígbà tó bá ń kọ ebè tàbí tó ń ṣa kajú nínú ewé gbígbẹ. Oró àwọn ejò kan ní ilẹ̀ ọ̀dàn ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ tí kò fi ní lè dì mọ́. Nọ́ọ̀sì ní ọ̀nà kan tí kò gba ẹ̀rọ láti fi mọ̀ ọ́n: ó á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré tó mọ́ tó sì gbẹ, á gbé e kalẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú láìfọwọ́ kàn án, á wá dẹ ìgò náà. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ṣì ń ṣàn bí omi, oró ti wọ ara, abẹ́rẹ́ apa-oró ejò ni oògùn rẹ̀. Abẹ fífi gé ojú ibi tó bù jẹ, okùn fífi so ó pinpin, òkúta dúdú fífi lẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ ń jẹ àkókò ni. Bákan náà ni ti gìrì ọmọdé, tí ibà sábà ń fà. Ìtọ̀ màlúù tí àwọn kan ń rọ sí ọmọ lẹ́nu lè pa ọmọ náà. Kí wọ́n dá ọmọ náà dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí wọ́n gbé e lọ. Bí ọ̀nà bá jìn, òṣìṣẹ́ ìlera abúlé lè ti oògùn ibà artesunate bọ ọmọ kékeré ní ìdí kí wọ́n tó gbéra, kí oògùn máa ṣiṣẹ́ bí ọkọ̀ ti ń lọ.

Ìmọ̀ràn pé kí ìtọ́jú jáde lọ bá aláìsàn, dípò kí ó jókòó dè é, kò tíì pẹ́ láyé. Ọ̀kan lára àwọn tó fi gbogbo ayé wọn jà fún un ni Louis Lareng, dókítà ará Faransé tí wọ́n bí ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin 1923 ní abúlé òkè kan tí ń jẹ́ Ayzac-Ost. Iṣẹ́ kíkun aláìsàn lóorun ló ṣe ní Toulouse. Ó ń rí àwọn tí wọ́n ń gbé wá láti ojú ọ̀nà pé wọ́n ti ń kú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì gbà pé ìdí igi tí ọkọ̀ forí sọ ni iṣẹ́ dókítà ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Àṣà ìgbà náà ni pé dókítà ilé-ìwòsàn kì í fi ọgbà rẹ̀ sílẹ̀. Lareng fi í sílẹ̀. Ní 1968, SAMU, ilé-iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ìṣègùn pàjáwìrì, bẹ̀rẹ̀ ní Toulouse, pẹ̀lú dókítà tó ń dáhùn ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ àti dókítà tó ń bá ọkọ̀ lọ. Nígbà tó di aṣòfin, ó jà títí òfin ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní 1986 fi sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ gbogbo ará ìlú ní Faransé. Ó kú ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá 2019, ní ẹni ọdún 96, gbogbo orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì mọ̀ pé ó kú.

Irú ìrántí bẹ́ẹ̀ kò kan gbogbo ènìyàn. Ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ọlọ́pàá ló ń gbé aláìsàn ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú títí di 1967, nígbà tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ áńbúláǹsì Freedom House sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú, tí ọ̀pọ̀ ti sọ pé wọn kò lè rí iṣẹ́ ṣe, ni dókítà Peter Safar kọ́ ní iṣẹ́ náà, wọ́n sì di ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú ènìyàn nínú áńbúláǹsì ní tòótọ́. Ní 1975, ìlú gba iṣẹ́ náà, ó sì tú wọn ká. John Moon, ọ̀kan nínú wọn, dúró sẹ́nu iṣẹ́ títí tó fi dé ipò igbákejì ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ìlú tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ohun tí Freedom House ṣe.

Àwòṣe SAMU ti Faransé ni Benin mú. SAMU Bénin, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Cotonou, dìde láàárín ọdún 1990 sí 1999, Martin Chobli, dókítà akunnilóorun, sì wà lára àwọn tó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ní 1997, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn, wọ́n béèrè bóyá irú ilé-iṣẹ́ yìí jẹ́ fàájì tàbí kòṣeémàní fún orílẹ̀-èdè tó ṣì ń dìde. Ẹni tó bá ti dúró ní Bantè lóru, tó ń wo iná ọkọ̀ tí kò tíì yọ, ti mọ ìdáhùn. Ní Ghana, ìjàǹbá pápá ìṣeré Accra ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún 2001, tó pa ènìyàn tó lé ní 120, ló sún ìjọba dé ibi tí wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ áńbúláǹsì orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 2004. Ní Nàìjíríà, òkú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ wà lára ohun tó mú Wọlé Ṣóyínká jà fún ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977. Òun náà ló sì jẹ́ alága àkọ́kọ́ fún ti ìjọba àpapọ̀ ní 1988.

Ẹ̀kọ́ tó bá Savalou àti Bantè mu jù, bóyá òmíràn láti Ghana ni. Kí áńbúláǹsì tó wà níbẹ̀, àwọn olùwádìí kọ́ awakọ̀ èrò tó lé ní 300 ní ìtọ́jú àkọ́kọ́, ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́fà péré. Nígbà tí wọ́n padà lọ bẹ̀ wọ́n wò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn awakọ̀ náà ti fi ohun tí wọ́n kọ́ tọ́jú ènìyàn lójú ọ̀nà, wọ́n sì ṣe é dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Zémidjan ló sábà ń kọ́kọ́ débẹ̀ ní Bantè. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Fọ̀n túmọ̀ sí kí wọ́n gbé mi kíákíá. Wákàtí mẹ́fà kò pọ̀ jù láti fi kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé ènìyàn kíákíá láì pa á lára.

Ohun tí iṣẹ́ yìí ń gbà lára ẹni tó ń ṣe é pọ̀. Ẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ lọ, torí gbígbé ènìyàn láti ilẹ̀ sókè ọkọ̀. Oorun á di fífọ́, kódà ní ọjọ́ ìsinmi, ara á máa jí ní aago méjì òru bí ẹni tí wọ́n pè. Ewu àrùn wà. Nígbà tí ibà Lassa jà ní Tanguiéta ní 2014, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wà lára àwọn tó pa, ní 2016 ó sì dé Tchaourou. Ìbọ̀wọ́ méjì àti ọṣẹ lè jẹ́ gbogbo ohun tó wà láàárín nọ́ọ̀sì àti ikú.

Èyí tí kò hàn sójú jù ni ti ìbátan. Ní Cotonou, ẹni tí áńbúláǹsì gbé lè jẹ́ àjèjì. Ní ìlú bí Bantè, bí awakọ̀ bá tan iná sí ojú ẹni tó dùbúlẹ̀ sójú títì, ó lè rí i pé àna òun ni, tàbí tíṣà ọmọ òun. Kò sí àyè láti sunkún. Yóò gbé e bí ó ṣe ń gbé gbogbo ènìyàn, yóò sì pe ẹbí náà ní orúkọ tó ti ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀, Bàbá, Ìyá, Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ohùn tí kò gbọ̀n. Bí ẹni náà bá kú, ní ọjọ́ kẹta, yóò wà níbi ìsìnkú, yóò jókòó sẹ́yìn, kò sì ní sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ yìí fún 25 ọdún ru àṣírí gbogbo ìlú, wọ́n sì mú un lọ sí ibojì.

Yorùbá ní oríkì fún ọdẹ, fún alágbẹ̀dẹ, fún onílù. Iṣẹ́ áńbúláǹsì ṣì kéré lọ́jọ́ orí, kò tíì ní. Ṣùgbọ́n ìwé méjì wà tó ń pa á mọ́. Ọ̀kan ni rẹ́jísítà ibùdó ìlera, tí wọ́n ń kọ ọjọ́, orúkọ aláìsàn, ọjọ́ orí, abúlé, ohun tó ń ṣe é, ohun tí wọ́n ṣe fún un, àti ibi tí wọ́n gbé e lọ sí. Èkejì ni ìwé ìrìn ọkọ̀: aago tí ọkọ̀ jáde, kìlómítà tó rìn, aago tó padà. Bí ẹnì kan bá jókòó ti ìwé méjèèjì, kó ka iye òru tí awakọ̀ kan jáde láti ọjọ́ tó gba iṣẹ́ dé ọjọ́ tó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, yóò rí ìtàn ìgbésí ayé kan níbẹ̀ tó péye ju ọ̀rọ̀ ìyìn èyíkéyìí lọ. Ó bani nínú jẹ́ pé inú àpótí tí ikán ń jẹ ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà ń parí sí. Ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ kó wọn pa mọ́. Ó yẹ kí rédíò ìlú pe àwọn tó ti fẹ̀yìn tì wá sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ọ̀nà, ní èdè Ìcà, Ifẹ̀ àti Mahi. Ó sì yẹ kí ọjọ́ ọdún iṣu Savalou, tí gbogbo ọmọ ìlú ń wálé, má kọjá láì pe wọ́n jáde kí àwọn ènìyàn rí wọn.

Kí ẹni tó bá rí jàǹbá pe 118, nọ́ńbà panápaná. Kí ó má fa ẹni tó ṣubú ní apá. Bí ó bá gbọ́ fèrè áńbúláǹsì lẹ́yìn, kí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó dúró. Ẹni tí wọ́n sì ti gbé dé Savalou rí lóru, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sílé, kí ó lọ béèrè ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru náà. Ọjọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ́jísítà. Kí ó lọ kí i nílé rẹ̀, nígbà tí onítọ̀hún ṣì lè gbọ́.